Òṣùká ni Sípíkà Ń Fẹ́, Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́

 Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe náà bá ohun tí a fẹ́ sọ mu, nítorí ọ̀rọ̀ ariwo àti ọ̀rọ̀ oorun ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ náà ni, ìdí sì nìyẹn tí a kò fi lè panu mọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀rọ orin. Ẹ̀rọ àwo wà níbẹ̀, ampilifáyà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ CD wà níbẹ̀, sípíkà ńlá méjì sì dúró tì wọ́n lórí tábìlì kan náà. Àpótí àwo tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde fi sílẹ̀ fún wa wà lábẹ́ tábìlì náà. Wàyí o, àbá kan ti dé iwájú ìgbìmọ̀ pé kí a mú nínú owó ẹgbẹ́ ti ọdún yìí, kí a fi ra ẹsẹ̀ rọ́bà láti òkè òkun, mẹ́rin mẹ́rin fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí orin wa lè mọ́ sí i, kí àwọn tó wà ní yàrá kejì sì lè yéé fi ẹjọ́ wa sun lánlọ́ọ̀dù. Àwọn kan ní owó ṣòfò ni. Àwọn kan ní láìsí i, orin kò lè dùn.

A ò ní fepo bọyọ̀. Èrò tiwa ni pé rọ́bà dára, ṣùgbọ́n ibi méjì péré ló ti ní iṣẹ́ gidi láti ṣe: abẹ́ sípíkà àti abẹ́ ẹ̀rọ àwo. Ibi yòókù tí a bá kó o sí, ọ̀ṣọ́ lásán ló jẹ́. Ní ibi méjì tó ti wúlò náà, kò pọn dandan kó ti òkè òkun wá. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé, kí ẹni tó bá fẹ́ takò wá lè mọ ibi tí yóò ti gbá ọ̀rọ̀ wa mú.

Kí ni ẹsẹ̀ rọ́bà yìí gan-an? Òṣùká ni. Ẹni tó bá ti ru omi rí mọ ohun tí òṣùká wà fún. Òṣùká kì í dín ẹrù kù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó dúró láàárín ẹrù àti orí, kí líle ẹrù má baà kan líle orí. Àwọn ìyá wa náà mọ ọgbọ́n yìí: bí wọ́n bá fẹ́ gúnyán nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á ká àpò tàbí àkísà sábẹ́ odó, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ má baà rò pé òrùlé fẹ́ wó lé òun lórí. Ẹ sì wo àwọn tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré nínú àwọn ọgbà ilé wa, orí táyà àlòkù ni wọ́n ń gbé e lé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó jẹ́ ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá gbé e lé sìmẹ́ǹtì gbalasa, ilé ni yóò máa bá a gbọ̀n. Àwọn tó ń fi táyà sábẹ́ rẹ̀ kò dúró de olùkọ́ físíìsì kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Sípíkà náà ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀, àfi pé gbígbọ̀n tirẹ̀ ni a ń pè ní orin. Bébà tó wà lójú sípíkà ń lọ síwá sẹ́yìn. Bí ó ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni ó ń ti àpótí tó gbé e sẹ́yìn. Òfin kẹta ti Isaac Newton tí a kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama nìyẹn. Bí bébà náà àti wáyà tó so mọ́ ọn bá wọn gíráàmù 20, tí àpótí sì wọn kílò 10, àpótí wúwo jù wọ́n lọ ní ìlọ́po 500. Nítorí náà, bí bébà bá rìn ní mílímítà 5, àpótí yóò rìn ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Ojú kò lè rí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí agídìgbo. Irin pẹlẹbẹ tó wà lórí rẹ̀ kò lè dún dé ìta fúnra rẹ̀. Àpótí tí wọ́n kàn án mọ́ ló ń gbé ohùn rẹ̀ ga, nítorí pé àpótí fẹ̀, ó sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí sípíkà bá fi gbogbo ìdí jókòó lórí tábìlì fífẹ̀, tábìlì di agídìgbo nìyẹn. Bí ó bá jókòó lórí dẹ́kìn, ilẹ̀ yàrá wa, tí í ṣe òrùlé ẹlòmíràn, di agídìgbo. Ohun tí rọ́bà ń ṣe ni kó já okùn tó so àpótí mọ́ tábìlì àti ilẹ̀.

Níbí yìí, a fẹ́ kí gbogbo wa mọ ohun kan tí àwọn tó ń ta ẹsẹ̀ rọ́bà kì í sábà sọ. Ọ̀nà méjì ni ariwo ń gbà dé etí aládùúgbò. Èkíní gba inú afẹ́fẹ́: ó jáde lójú fèrèsé, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ lè gba ara ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá. Èkejì gba ara ilé fúnra rẹ̀, láti ìdí sípíkà sí tábìlì, láti tábìlì sí ilẹ̀, láti ilẹ̀ sí ògiri. Ọ̀nà kejì nìkan ni rọ́bà lè dí. Ẹni tó bá fi rọ́bà sábẹ́ sípíkà tán, tó wá torí ìyẹn yí ohùn sókè sí i, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ti iwájú sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà kejì ni ìṣòro yín, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì àti ògiri nígbà tí orin ń lọ. Bí ọwọ́ yín bá gbọ́ ìlù, rọ́bà yóò ran yín lọ́wọ́. Bí ọwọ́ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ yí ohùn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ẹ̀rọ àwo, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Láti ọdún 1948 tí ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà ti gbé àwo ńlá tó ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan jáde, ọgbọ́n ibẹ̀ kò tíì yí padà. Wọ́n gbẹ́ orin sára àwo bí ilà, abẹ́rẹ́ ń tọ ilà náà, ilà ń mi abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ sọ mímì náà di iná mànàmáná, ampilifáyà sì sọ ọ́ di ńlá. Ilà náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún mílímítà lọ. Àwọn kọ̀rọ̀ kéékèèké inú rẹ̀, tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni orin, lè kéré ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà. Abẹ́rẹ́ kò sì mọ ẹni tó ń mi òun. Bí ilà ló mì ín, orin ni lójú rẹ̀. Bí tábìlì ló mì ín, orin náà ni.

Ohun kan tún wà tó mú ọ̀rọ̀ náà le. Nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù kí ilà má baà fẹ̀ jù, ẹ̀rọ tiwa ni yóò wá gbé e padà sókè nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ. Ìlànà tí a ń pè ní RIAA, èyí tí wọ́n fi lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1954, ni wọ́n fi ń ṣe é. Nínú ìlànà yẹn, ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni a ń gbé ga tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ju èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 1,000 lọ. Gbígbọ̀n tábìlì àti ti ilẹ̀, nísàlẹ̀ níbẹ̀ gan-an ló wà. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ ni ẹ̀rọ ń gbé ga jù.

Nígbà tí sípíkà àti ẹ̀rọ àwo bá wá jókòó pọ̀ lórí tábìlì kan, bí tiwa yìí, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Sípíkà mi tábìlì, tábìlì mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ rò fún ampilifáyà, ampilifáyà dá a padà fún sípíkà, sípíkà tún mi tábìlì. Bí ohùn kò bá lọ sókè jù, ohun tí a ó gbọ́ ni pé ìsàlẹ̀ orin ń dàrú, ó ń dún wúù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Bí ohùn bá lọ sókè tán, gbogbo rẹ̀ yóò di igbe kan ṣoṣo tí kò dáwọ́ dúró. Gbogbo ẹni tó bá ti fi àwo ṣe àríyá rí mọ igbe náà.

Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àwo ti mọ ìṣòro yìí tipẹ́tipẹ́. Ní 1961, Edgar Villchur ti ilé iṣẹ́ Acoustic Research ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ àwo kan jáde tí wọ́n gbé àwo àti apá abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé orí sípíríngì mẹ́ta nínú àpótí rẹ̀, kí gbígbọ̀n ìta má lè dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ Technics SL-1200 tí ilé iṣẹ́ Matsushita ní Japan mú jáde ní 1972, èyí tí àwọn DJ káàkiri ayé gbà bí ohun èlò iṣẹ́ wọn, ní ẹsẹ̀ tó ń gba gbígbọ̀n mọ́ra láti ilé iṣẹ́ wá. Nítorí náà, kí a tó ra ẹsẹ̀ tuntun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dojú ẹ̀rọ dé, ká wo ẹsẹ̀ tó ti wà níbẹ̀. Bí rọ́bà àtijọ́ bá ti gan, tó le bí ìwo, òun ni ká pààrọ̀. Bí ó bá ṣì rọ̀, kò sí ìdí tí a fi ní láti gbé òṣùká lé òṣùká.

Ìṣirò kékeré kan tún wà tí ẹnikẹ́ni lè fi rúlà ṣe. Rọ́bà kì í dá gbogbo gbígbọ̀n dúró. Ó ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìwọ̀n náà sì wà lọ́wọ́ bí ẹrù ṣe tẹ̀ ẹ́ tó. Bí ẹrù bá tẹ rọ́bà wálẹ̀ ní mílímítà 1, ẹrù àti rọ́bà náà yóò fẹ́ máa fò lókè-nílẹ̀ fúnra wọn ní nǹkan bí ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ ní mílímítà 4, yóò di nǹkan bí ìgbà 8. Gbígbọ̀n tó bá yára ju ìlọ́po 1.4 ìwọ̀n yìí lọ ni rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Èyí tó bá bá ìwọ̀n náà dọ́gba, ṣe ni rọ́bà yóò tún fún un lágbára. Èyí tó bá lọ́ra jù ú lọ yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé rọ́bà kò sí níbẹ̀. Ohùn gìtá ìsàlẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìgbà 50, bí ó bá pàdé rọ́bà tó tẹ̀ ní mílímítà 1, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án rẹ̀ ló máa kọjá lórí ìṣirò. Rọ́bà gidi a máa le díẹ̀ ju ìṣirò lọ, ṣùgbọ́n èrè ṣì pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ ti rí i pé rọ́bà tí sípíkà jókòó lé tí kò tẹ̀ rárá kò yàtọ̀ sí òkúta. Èyí tó sì rọ̀ débi pé ẹrù tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kò yàtọ̀ sí òkúta náà, nítorí kò ní ibi tí yóò tún rọ̀ sí. Sípíkà kílò 12 tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kílò 3 ló gbé lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe fún kílò 10 kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà lórí òun. Síbẹ̀, nínú àbá tó wà níwájú ìgbìmọ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti wọn ẹ̀rọ kankan. Bí ẹni tó ń ra bàtà láì mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni, ì báà ṣe bàtà ọba.

Ìṣirò yìí kan náà ló sọ pé rọ́bà kì í ṣe oògùn fún gbogbo àìsàn ẹ̀rọ àwo. Apá tó gbé abẹ́rẹ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀ náà, àwọn onímọ̀ sì máa ń fẹ́ kó wà láàárín ìgbà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí rọ́bà tí a fi sábẹ́ rẹ̀ bá lọ bá a dọ́gba, a ti fi kún wàhálà abẹ́rẹ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó nínú yàrá sì lọ́ra jù fún rọ́bà láti dá dúró. Bí àwo bá ń fò nígbà tí ẹ̀yin ń jó, pẹpẹ tí a kàn mọ́ ògiri ni oògùn rẹ̀, nítorí ògiri kì í bá ẹsẹ̀ jó.

Ó ku ampilifáyà àti ẹ̀rọ CD. Ampilifáyà wa, transistor ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe gílóòbù onígíláàsì ti àwọn rédíò àtijọ́. Àwọn gílóòbù yẹn, bí a bá gbá wọn, a máa gbọ́ ọ nínú sípíkà, nítorí irin tín-ín-rín inú wọn ń mì. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀rọ yẹn ní ìdí láti fi rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Transistor kò ní ohun tó ń mì nínú. Ohun kan ṣoṣo tó lè gbọ̀n nínú ampilifáyà ni transfọ́mà rẹ̀, tó ń kùn ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítorí pé iná wa jẹ́ ti ìgbà 50. Bí tábìlì bá ń bá a kùn, ègé rọ́bà kan tó. Ẹ̀rọ CD, láti ọdún 1982 tí wọ́n ti gbé e jáde, nọ́ńbà ló ń kà, ó sì ní ọ̀nà tó fi ń tún àṣìkà ṣe kí nọ́ńbà tó di ohùn. Bí gbígbọ̀n bá pọ̀ débi tó dà á láàmú, yóò fò tàbí kó dákẹ́, gbogbo wa la ó sì gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé yóò rọra sọ ohùn olórin di gbígbẹ tàbí kó mú adùn rẹ̀ lọ. Ní ti fóònù tí ọ̀pọ̀ wa fi ń gbọ́ orin báyìí, kò sí ohun tó ń yí nínú ibi tó kó orin pamọ́ sí rárá.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan yóò sọ pé etí àwọn gbọ́ ìyàtọ̀ nígbà tí àwọn fi ẹsẹ̀ sábẹ́ ampilifáyà ní ilé ẹ̀gbọ́n àwọn. A kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Etí àti ojú jọ ń gbé inú orí kan náà ni, ohun tí ojú bá rí pé ó wọ́n, etí a máa bá a yìn ín. Ẹ jẹ́ ká dán an wò nígbangba. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn aṣọ, kó ju kọ́bọ̀ sókè kó tó pinnu bóyá òun yóò fi ẹsẹ̀ síbẹ̀ tàbí yóò yọ ọ́, ní ìgbà mẹ́wàá, ohùn kò sì gbọdọ̀ yí sókè tàbí sílẹ̀. Kí ẹni tó ń gbọ́ sọ èyí tó jẹ́. Ẹni tó ń méfò lásán yóò gba nǹkan bí márùn-ún. Kí afẹnuméfò tó lè gba mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀nà rẹ̀ fi là. Bí ẹnikẹ́ni bá gba mẹ́sàn-án, a ó kọ ọ́ sójú ewé yìí pẹ̀lú ọlá, ìgbìmọ̀ sì lè ra ẹsẹ̀ náà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí owó ẹgbẹ́ dúró sápò.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kàn wá nínú ẹsẹ̀ rọ́bà tó báyìí. Ó kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n bí sí Kaduna, Kano, Jos tàbí Minna. A ti gbọ́ Hausa kí a tó mọ òwe, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ́ wa ní ilé ìwé. Inú àwo àwọn òbí wa ni púpọ̀ nínú Yorùbá tó jinlẹ̀ tí a mọ̀ ti wá: Haruna Ishola pẹ̀lú àpàlà, Yusuf Olatunji pẹ̀lú sákárà, Ayinla Omowura, Ebenezer Obey, Sunny Ade. Àwo Oroki Social Club tí Haruna Ishola ṣe ní 1971, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ohun tí gángan ń sọ nínú irú àwo bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ni, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló sì fi ń sọ ọ́. Bí tábìlì bá ń fi wúù tirẹ̀ bo ohùn ìsàlẹ̀, a ó gbọ́ ìlù, a kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè fọkàn méfò ohun tí ìlù ń wí. Àwa tí àwo jẹ́ olùkọ́ wa, kí ni a ó fi méfò? Abẹ́rẹ́ tó bá sì ń fò lè fi ojú ọgbẹ́ tí kì í jiná sílẹ̀ lára àwo, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo yìí ni a kò lè rí rà mọ́ lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti aládùúgbò. Àwọn tó yí wa ká, Hausa, Igbo, Nupe, Tiv, Igala, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń múra ìdánwò, wọ́n ń jí sí sààrì nínú oṣù Ramadan, àwọn mìíràn ń ti iṣẹ́ òru bọ̀. Wọn kì í gbọ́ ohùn Ebenezer Obey tó ń gbani nímọ̀ràn. Ohun tí ògiri ń mú dé ọ̀dọ̀ wọn ni gbì-gbì-gbì láìsí orin nínú rẹ̀. Wọn kì í sì í dárúkọ ẹni tó yí ohùn sókè, “àwọn Yorùbá” ni wọ́n ń wí. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọmọ Yorùbá tó ń wá yàrá ní ọdún tó ń bọ̀, tí lánlọ́ọ̀dù gbọ́ orúkọ rẹ̀ tó sì mi orí, òun ni òkò yẹn yóò bà.

Nítorí náà, ohun tí a ń dámọ̀ràn fún ìgbìmọ̀ nìyí. Àkọ́kọ́, ẹ gbé sípíkà méjèèjì kúrò lórí tábìlì ẹ̀rọ àwo lónìí. Kò ná wa ní kọ́bọ̀, òun ló sì máa ṣe ohun tó pọ̀ jù. Kí wọ́n ní ìdúró tiwọn, kí wọ́n má fara ti ògiri tí àwa àti aládùúgbò jọ ní. Èkejì, ẹ wọn sípíkà, kí ẹ sì wá rọ́bà tí yóò tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ wọn. Sílípáàsì rọ́bà tí a gé sí ègé mẹ́rin ṣe é gbìyànjú; bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tí a là sí méjì náà ṣe é. Ẹ fi rúlà wò ó kí ẹ tó gbé e lé e àti lẹ́yìn tí ẹ gbé e lé e. Ẹsẹ̀ irin ṣóńṣó tí wọ́n ń tà pẹ̀lú sípíkà kò ṣe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gba inú kápẹ́ẹ̀tì di ilẹ̀ mú ṣinṣin, èyí tó jẹ́ òdì kejì ohun tí a ń wá. Ẹ̀kẹta, bí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ àwo bá ti gan, ẹ lọ bá fọkanáísà kí ó fún wa ní tíúbù kẹ̀kẹ́ àlòkù, kí ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀, díẹ̀ péré, kí ẹ gbé pákó tó wúwo lé e, kí ẹ̀rọ àwo jókòó lórí pákó. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ rọ̀ ju rọ́bà lásán lọ, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní sàkáání ti apá abẹ́rẹ́. Ẹ fi ọwọ́ tẹ pákó náà kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá rọra fò lókè-nílẹ̀, tí ẹ lè fẹnu ka iye ìgbà rẹ̀, ó dára. Bí ó bá yára ju ohun tí ẹnu lè kà lọ, ẹ dín afẹ́fẹ́ kù.

Ẹ̀kẹrin, owó tó bá ṣẹ́kù nínú èyí tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹsẹ̀ òkè òkun, ẹ fi ra abẹ́rẹ́ tuntun àti búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń nu àwo. Eruku ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa yìí ń wọ inú ilà àwo lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ tó ti jẹ sì ń ha orin dànù. Kò sí òṣùká tó lè gba àwo lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ̀karùn-ún, tó sì ṣe pàtàkì jù, kí ohùn wálẹ̀ nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ bá lù, rọ́bà ì báà wà, kí ó má wà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní Yorùbá kì í ṣe fàájì pẹ̀lú ohùn wẹ́ẹ́rẹ́. Fàájì dára, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má jó. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ wa ní àríyá, wọ́n ń rán oúnjẹ sí ilé kejì kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń sọ fún àgbà àdúgbò kí wọ́n tó ta àtíbàbà. Òṣùká tiwọn nìyẹn láàárín ayọ̀ ara wọn àti orí ẹlòmíràn. Bí a bá lè ṣe tiwa pẹ̀lú ègé sílípáàsì mẹ́jọ àti tíúbù kan, owó ẹgbẹ́ á wà, àwo á pẹ́, gángan á sọ̀rọ̀ ká gbọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri á sì sùn.

Ìpàdé tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ yóò pinnu. Ẹ wá, kí ẹ sì mú rúlà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ire o.